RowErg fún ẹni tó fẹ́ díje: mọ́nítọ̀ lẹ ń rà, irin ló tẹ̀ lé e

Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń díje ìtukọ̀ inú ilé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ̀rọ kan náà lẹ óò bá níbẹ̀, tí wọ́n tò lọ gbọọrọ: RowErg ti Concept2. Iléeṣẹ́ yìí wà ní Morrisville, ní ìpínlẹ̀ Vermont, l'Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Dick àti Pete Dreissigacker, ló dá a sílẹ̀ ní 1976, àjẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe tà. Ní 1981 ni ẹ̀rọ ìtukọ̀ wọn àkọ́kọ́ jáde. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ṣe fáànù rẹ̀. Model D tó jáde ní 2003 ló wá gba ojú ọpọ́n. Ní 2021 wọ́n pa orúkọ rẹ̀ dà sí RowErg. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Model D tí wọ́n so mọ́nítọ̀ PM5 mọ́, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ka iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rọ àtijọ́ ni. Èyí tí wọ́n fi ń díje náà ni.

Ẹni tó ń gbára dì fún ìdíje kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ mìíràn tó lè yàn. Àwọn tó ń lo omi nínú táńkì dùn ún gbọ́ létí, wọ́n sì bá pálọ̀ mu, ṣùgbọ́n péèsì, ìyẹn ìwọ̀n eré, tí wọ́n ń kọ sójú kì í ṣe péèsì tí adájọ́ yóò kà. Ohun tó kù ni kí ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ló ń ra RowErg tán tí wọ́n ń lò ó bí ẹni ń bá irin jà, tí wọn kì í wo ohun tí irin náà ń sọ fún wọn.

Ohun tó wà nínú àpótí kékeré yẹn

Irin rẹ̀ dára, ṣéènì rẹ̀ lágbára, ìjókòó rẹ̀ ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Irú ìyẹn wà lára ẹ̀rọ mìíràn. PM5, mọ́nítọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2014, ni kò ní ẹlẹgbẹ́.

Fáànù tó wà níwájú ló ń tako yín: bí ẹ bá ṣe fà á le tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń dènà tó. Nígbà tí ẹ bá ń padà síwájú, tí ẹ kò fa ohunkóhun, fáànù a máa dín eré kù fúnra rẹ̀. PM5 ń wo bó ṣe ń yára dín in kù, ó sì fi ìyẹn ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dènà tó. Iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní drag factor. Ìfà kọ̀ọ̀kan ló sì ń tún un ṣírò. Ìdí nìyí tí eruku fi lè dí fáànù, tí afẹ́fẹ́ fi lè fúyẹ́ lórí ilẹ̀ òkè, síbẹ̀ tí wáàtì 200 yóò jẹ́ wáàtì 200. Ẹ kò nílò ẹnì kankan tí yóò wá tún ìṣirò rẹ̀ tò lọ́dọọdún. Àkókò tí ẹ ṣe nínú yàrá yín ṣeé gbé síwájú ẹni tó wà ní ìlú mìíràn láìsí àríyànjiyàn.

Láti ara wáàtì ni péèsì ti ń jáde. Péèsì ni àkókò tí mítà 500 yóò gbà yín. Ẹ pín in sí 500 kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí mítà kan gbà, ẹ fi mẹ́ta rẹ̀ sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ wá fi ohun tó bá jáde pín 2.80. Péèsì 2:00 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 203. 1:55 jẹ́ 230. 1:50 jẹ́ 263. 1:35 jẹ́ 408. 1:30 jẹ́ 480. Ẹ wo ohun tó fara sin níbẹ̀. Láti 2:00 dé 1:55, wáàtì 27 péré lẹ ó fi kún un. Láti 1:35 dé 1:30, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kan náà, wáàtì 72 ni. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ṣì máa "já ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí i", ẹ kọ́kọ́ bi í pé láti ibo. Nígbà tí Josh Dunkley-Smith, atukọ̀ ọmọ Ọsirélíà, fi 5:35.8 parí mítà 2000 ní 2018, péèsì rẹ̀ kò tó 1:24, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 592 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìlò kan wà tí a kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn: kálórì. PM5 kò mọ bí ẹ ṣe wúwo tó, ó sì ń fi 300 fún wákàtí kan kún ohun tí ẹ bá fà, bí ẹni pé ara gbogbo èèyàn dọ́gba. Fún ìdíje, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Dámpà kì í ṣe ìwọ̀n akọni

Dámpà ni ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, tí wọ́n kọ 1 dé 10 sí. Ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló ń ṣí, tí ó sì ń pa dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbé e sí 10 rò pé òun ti gbé iṣẹ́ sí ibi tó le jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe ni mọ́nítọ̀ ń kà, ibi yòówù kí dámpà wà. Bí ẹni gbé kẹ̀kẹ́ sí jíà tó wúwo jù ni: a lè wà á, ṣùgbọ́n itan ni yóò kọ́kọ́ gbà pé òun kò ṣe mọ́. Lórí 10, fáànù ti pàdánù eré rẹ̀ púpọ̀ kí ẹ tó padà dé iwájú, ẹ ó sì máa gbé e dìde láti ilẹ̀ ní ìfà kọ̀ọ̀kan. Nínú mítà 2000, ìfà lè ju 200 lọ. Ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló ń san gbèsè yẹn.

Lórí 1, òdìkejì rẹ̀ ni. Fáànù ń sáré lọ, ẹsẹ̀ ń lé e kò bá a, ìfà á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹ tó rí nǹkan dì mú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń díje ń wà láàárín drag factor 100 sí 140. Lórí ẹ̀rọ tó mọ́, ìyẹn sábà máa ń bọ́ sí dámpà 3 sí 5. Ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá a máa sún mọ́ 100 sí 115, ẹni gíga tó sanra lágbára a máa sún mọ́ 125 sí 140. Kí ẹ lè rí i lójú mọ́nítọ̀, ẹ wọ More Options láti ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ yan Display Drag Factor, kí ẹ fà tó ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá pẹ̀lú agbára tó ṣe déédéé. Nọ́ńbà yóò yọ. Ẹ sún dámpà díẹ̀, ẹ tún fà. Kò sí òfin tó ní kí dámpà dúró gan-an lórí nọ́ńbà kan. Ó lè wà láàárín 3 àti 4, ibẹ̀ gan-an sì ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ sí.

Kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ fi 110, 120 àti 130 ṣe ìdánrawò kan náà, ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ń ka ìlù ọkàn láyà. PM5 ń gba Bluetooth àti ANT+, nítorí náà ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì tó wà lọ́jà yóò bá a sọ̀rọ̀. Èyí tí ọkàn yín bá lù kéré jù lórí rẹ̀ fún péèsì kan náà, tí ẹ̀yìn kò sì ráhùn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà drag factor yẹn sílẹ̀, ẹ má kọ nọ́ńbà dámpà. Dámpà 4 lórí ẹ̀rọ yín àti dámpà 4 lórí ẹ̀rọ tí eruku ti dí nínú fáànù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Ìfà, bí mọ́nítọ̀ ṣe ń tú àṣírí rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Ibi ìtẹsẹ̀ ṣeé gbé sókè sódò. Kí bẹ́líìtì rẹ̀ gba orí ibi tó fẹ̀ jù lára ẹsẹ̀ kọjá, níbi tí okùn bàtà ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ga jù, ìdí yóò ká sábẹ́, ẹ̀yìn yóò sì tẹ̀ kọdọrọ nígbà tí ẹ bá dé iwájú. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ara yóò yọ́ kọjá ibi tó yẹ, ojúgun yóò sì ré kọjá òòró. Ojúgun tó dúró ṣánṣán ni òpin ìrìn àjò síwájú. Gìgísẹ̀ lè gbé díẹ̀, kò burú.

Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tì. Ọwọ́ nà tàntàn, ara ṣì tẹ̀ síwájú láti ìbàdí, èjìká kò gbé sókè. Nígbà tí ìdìmú bá fẹ́ kọjá orúnkún ni ara tó ń ṣí, títí tí yóò fi rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ ló kẹ́yìn, ó sì ń mú ìdìmú wá sí ìsàlẹ̀ igbá àyà, ìgbọ̀nwọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ara kọjá, ọrùn ọwọ́ kò ká. Ní ìpadàbọ̀, gbogbo rẹ̀ yí padà: ọwọ́ nà, ara tẹ̀, orúnkún ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Nígbà ìdánrawò tó rọrùn, kí ìpadàbọ̀ gba ìlọ́po méjì àkókò tí ìfà gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n PM5 ní ojú ewé kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí. Ẹ tẹ bọ́tìnì Display títí tí àwòrán agbára yóò fi jáde. Ìfà kọ̀ọ̀kan yóò ya òkè kan sójú mọ́nítọ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Ìfà tó dára jẹ́ òkè kan ṣoṣo, tó gùn kíákíá láti òsì, tó dé ṣóńṣó ṣáájú ìlàjì tàbí nítòsí rẹ̀, tó wá rọra sọ̀kalẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ohun tó wà lábẹ́ òkè náà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìfà náà ṣe gbé iṣẹ́ tó.

Bí ẹ bá rí òkè méjì pẹ̀lú àfonífojì láàárín wọn, ìdí ti fò sẹ́yìn, ìdìmú sì dúró. Ẹsẹ̀ ti, ara kò gbé e lọ, ẹ̀yìn wá ń sáré lẹ́yìn láti bá a. Àṣìṣe tó ń jẹ agbára èèyàn jù lórí ẹ̀rọ yìí nìyẹn, òun náà sì ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro. Ìwòsàn rẹ̀: ìfà mẹ́wàá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan, ọwọ́ nà, ara kò ṣí, mẹ́wàá ẹsẹ̀ àti ara, mẹ́wàá tó pé. Kí iye ìfà má ju 18 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí ìdánrawò gan-an tó bẹ̀rẹ̀, kí ojú má sì kúrò lára àwòrán náà.

Bí apá òsì bá pẹ́ kó tó gbéra, ohun tó fà á ni pé ẹ dé iwájú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí fáànù máa dín eré kù kí ẹ tó tì. Iwájú kì í ṣe ibi ìsinmi. Bí apá ọ̀tún bá já wálẹ̀ lójijì bí ẹni ṣubú lógiri, ọwọ́ ti jáwọ́ kó tó dé àyà, tàbí kí ara má rọ̀ sẹ́yìn rárá. Bí ṣóńṣó bá gún bí abẹ́rẹ́ ní òsì, ìyẹn ìfà tó gbóná lójijì tó sì kú kíákíá, ẹ ń ja ìdìmú gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ fa ìdìmú lọ.

Ẹ máa wo ṣéènì náà. Ó yẹ kí ó máa wọlé jáde lórí ìlà kan. Bí ó bá ń fò sókè láti yẹra fún orúnkún, orúnkún ti ká kí ọwọ́ tó jáde. Bí ó bá ń mì láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ kan ń fà ju ìkejì lọ.

Yíyọ ẹsẹ̀ kúrò nínú bẹ́líìtì jẹ́ olùkọ́ tí kì í gba owó. Ẹ fi ìfà 18 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan tu ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdè é. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbé kúrò lórí ibi ìtẹsẹ̀ ní òpin ìfà, ara ń rọ̀ sẹ́yìn jù, tàbí kí ẹ máa fi bẹ́líìtì fa ara yín padà síwájú dípò kí ọwọ́ kọ́kọ́ jáde.

Lílò ó fún ìdánrawò

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú mítà tí ẹni tó ń díje ń rìn yẹ kí ó rọrùn débi tí yóò fi lè sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kálukú ti ń kọsẹ̀, torí mọ́nítọ̀ wà níwájú, nọ́ńbà ń dùn ún lé. Ẹ mú péèsì mítà 2000 yín, ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 18 sí 22 kún un. Ẹni tó ń lépa 7:20 ní péèsì 1:50; ìdánrawò rẹ̀ tó rọrùn yóò wà láàárín 2:08 sí 2:12, ìyẹn wáàtì 167 wálẹ̀ sí 152, pẹ̀lú ìfà 18 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Wákàtí kan gbáko, tàbí ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì láti mumi. Bí ìlù ọkàn bá ń gun òkè títí lórí péèsì kan náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ yára jù.

Ìfà kékeré yìí ń kọ́ ẹsẹ̀ ní agbára. Péèsì 2:00 pẹ̀lú ìfà 20 túmọ̀ sí pé ìfà kan ń gbé yín lọ ní mítà 12.5. Nígbà ìdíje, péèsì 1:50 pẹ̀lú ìfà 30, ìfà kan jẹ́ mítà 9 àti díẹ̀. Ẹni tí kò lè gùn nígbà tó ń rọra fà, kò ní rí ibi tí yóò ti gùn nígbà tó bá ń sáré. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìfà tí kò ju 20 lọ jẹ́ ìdánwò tó dára lẹ́ẹ̀kan lóṣù. PM5 kò ní dá yín lẹ́kun bí ẹ bá kọjá 20, ojú yín ni yóò ṣọ́ nọ́ńbà tí wọ́n kọ s/m sí.

Fún eré, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Mítà 500 lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìsinmi ìṣẹ́jú 3:30, pẹ̀lú péèsì tó fi ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta yára ju ti mítà 2000 lọ. Tàbí mítà 1000 lẹ́ẹ̀mẹrin, ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ní péèsì ìdíje tàbí kí ó fi ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ́ra. Inú Select Workout lẹ ti ń tò ó: New Workout, lẹ́yìn náà Intervals, ẹ kọ mítà, ẹ kọ ìsinmi. Mọ́nítọ̀ ń ka ìsinmi sẹ́yìn, tí ó bá ti tán, kò dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ọwọ́ ti wà lórí ìdìmú nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ẹ fi àkọ́kọ́ lọ́ra díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́, kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ èyí tó yára jù. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ òun ló yára jù, tí ìyókù ń ṣubú tẹ̀ lé e, ẹ ti ba ìdánrawò náà jẹ́, ìfọ́nnu ni ẹ ṣe.

ErgData, ètò orí fóònù tí Concept2 ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ń kó gbogbo èyí sínú ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wúlò gan-an. Bátìrì ńlá D méjì ni PM5 ń lò, fáànù sì ń fún un níná nígbà tí ẹ bá ń fà, nítorí náà bátìrì ń pẹ́.

Níbi ìdíje

Mítà 2000 ni ìdíje pàtàkì, láti C.R.A.S.H.-B. ní Boston dé World Rowing Indoor Championships, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Alexandria, ní Virginia, ní 2018. Ẹ̀ka ọjọ́ orí wà, ẹ̀ka àwọn tí kò wúwo sì wà: kílò 75 fún ọkùnrin, 61.5 fún obìnrin.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe nígbà tí ẹ bá jókòó sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fún yín ni kí ẹ wo drag factor rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi mú ara gbóná ní yàrá kejì kò jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé dámpà sí nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ nílé, tí wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì ní mítà 600 pé kí ló mú kí ẹsẹ̀ wúwo báyìí.

Mọ́nítọ̀ yóò kọ Sit Ready, lẹ́yìn náà Attention, lẹ́yìn náà Row. Fáànù gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ títí Row yóò fi jáde. Bí ẹ bá fà ṣáájú, ẹ̀rọ mọ̀. Nítorí pé láti ìdúró lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìfà àkọ́kọ́ kì í gùn tán. Ẹ ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìlàjì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó gùn. Ìfà mẹ́wàá tó yá, ìyẹn tó, agbára tó wà nílẹ̀ nínú iṣan yóò gbé e láìsí ìnira. Kí ó tó di mítà 200, ẹ ti gbọ́dọ̀ padà sí péèsì yín.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń lépa 1:50 tó fi 1:42 rin mítà 500 àkọ́kọ́ ti ń fa nǹkan bíi wáàtì 330 dípò 263. Kò ní mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn ló burú nínú rẹ̀. Ní mítà 1100 ni yóò mọ̀, nígbà tí mítà 900 ṣì kù tí kò sì sí ibi tí èèyàn lè sá sí. Ẹ jẹ́ kí péèsì 500 àkọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré yára, méjì tó wà láàárín kí ó dọ́gba, kí ẹ sì fi iye ìfà kún un láti mítà 500 tó kẹ́yìn: 30 sí 32, lẹ́yìn náà 34 nígbà tó bá ku mítà 250. PM5 lè fi àkókò tí ẹ máa fi parí hàn bí ẹ bá ń lọ báyìí. Ẹ lo ojú ewé yẹn láàárín ìdíje, torí péèsì ìfà kọ̀ọ̀kan ń fò sókè sódò, ó sì ń mú kí èèyàn máa lé òjìji.

Ibi tó kù sí, àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀

Ó ń pariwo. Fáànù ni, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ìjókòó rẹ̀ le. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdí ọ̀pọ̀ èèyàn á kú tipiri. Tìmùtìmù tín-ín-rín ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn ń gbé yín ga, ó sì ń yí ibi tí ẹsẹ̀ wà padà, nítorí náà ẹ tún ibi ìtẹsẹ̀ tò. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 244, ó wúwo tó kílò 26, ó sì ṣeé tú sí méjì láìlo sípánà. Ohun tó dun àwọn tó ń tu ọkọ̀ gidi jù ni pé ẹ̀rọ náà dúró sójú kan, tí gbogbo ara ń lọ tí ń bọ̀ lórí rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ lórí omi máa ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹni. Concept2 ń ta irin onítáyà tí ẹ lè gbé e lé, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa rìn. Ó dára fún orúnkún àti ẹ̀yìn, ó sì ń mú kí iye ìfà gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe gbogbo ìdánrawò lórí rẹ̀ bí ìdíje yín bá máa jẹ́ lórí ilẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà kò ṣeé fò. Lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tútù nu irin tí ìjókòó ń rìn lórí rẹ̀, ẹ nu táyà kéékèèké abẹ́ ìjókòó náà. Ìdọ̀tí dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ló ń mú kí ìjókòó máa gbọ̀n. Ní gbogbo wákàtí 50, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sórí bébà ìnuwọ́, ẹ fi pa ṣéènì láti orí dé ìdí, ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ má fi nǹkan tó ń fọ ọ̀rá dànù ṣe é. Ó ń lé ọ́ìlì kúrò nínú ṣéènì ni. Ní wákàtí 250, ẹ wo ibi tí ṣéènì ti so mọ́ ìdìmú, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú fáànù, kí ẹ sì fa eruku jáde. Bí ìdìmú kò bá padà dé iwájú fáànù fúnra rẹ̀ mọ́, okùn rọ́bà tó ń fa ṣéènì padà ti dẹ̀, ẹ fún un le. Ẹ má sì jẹ́ kí ìdìmú já bọ́ lọ́wọ́ kí ó lọ gbá fáànù. Ẹ fi lé orí ìkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn àti ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni wọ́n ń tà: ìjókòó ọ̀kan wà ní sẹ̀ǹtímítà 36, èkejì ní 51. Èyí tó ga rọrùn fún ẹni tí orúnkún ń dùn láti jókòó àti láti dìde, kò sì yí péèsì padà rárá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀, láti ibi tí itan méjèèjì ti pàdé dé ilẹ̀, bá ju sẹ̀ǹtímítà 96 lọ, kí ó béèrè irin gígùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gbá òpin rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fọwọ́ sí fún irin, ọdún méjì fún ìyókù.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ gbé dámpà sí 10 kí ẹ wo drag factor. Ẹ̀rọ tó mọ́ sábà máa ń kọjá 200. Bí ó bá wà nítòsí 150, eruku ló kún inú fáànù. Kò bàjẹ́, ẹ̀rọ afàdọ̀tí yóò tún un ṣe, ẹ sì lè fi ìyẹn dúnàádúrà. Ẹ fi ìka gba orí ṣéènì kọjá: bí ìpẹtà bá wà lára rẹ̀ tàbí tí àwọn ojú rẹ̀ kò ká dáadáa, ẹ óò ra ṣéènì mìíràn. Bí mọ́nítọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ PM3 tàbí PM4, ẹ lè ra PM5 lọ́tọ̀ kí ẹ so mọ́ ọn.